Ilé Tí Àǹtí Abẹ́rẹ́ Bú

Bí wọ́n bá ní kí gbogbo ọmọ ilé wa tó wà ní ìlú etíkun kan lókè òkun tò sórí ìlà, kí wọ́n mú ẹni tó mọ ọjà ná jù láàárín wọn, àríyànjiyàn ò sí níbẹ̀. Àǹtí Abẹ́rẹ́ ni. Obìnrin yẹn lè ná ọjà débi tí ọlọ́jà á fi máa bi ara rẹ̀ pé, àbí èmi ni mo jẹ ẹ́ ní gbèsè ni? Ó ní bó ṣe máa ń ṣe é. Bí ọjà bá ti wù ú báyìí, ojú rẹ̀ á le koko. Á yọ ṣùtì sí i, á ka àléébù ara rẹ̀ síta lọ́kọ̀ọ̀kan, á dá iye tí kò tó ìdajì, á sì kẹ́yìn sí i, á máa lọ jẹ́jẹ́ bí ẹni tí kò bìkítà. Kó tó dé ìkángun, wọ́n á ti máa pè é pé kó padà wá mú un. Bí ìyá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ nìyẹn, bí ìyá ìyá rẹ̀ náà ṣe kọ́ ìyá rẹ̀ nìyẹn. Ẹnikẹ́ni ò sọ fún un pé ẹ̀kọ́ kan wà tí kì í bá èèyàn sọdá òkun.

Iṣẹ́ aṣọ ló ń ṣe. Ó ní ṣọ́ọ̀bù tóóró kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdókọ̀, níbi tí àwọn ará ìlú náà ti ń kó ṣòkòtò tó gùn jù wá kó bá wọn gé e, tí wọ́n ń gbé kóòtù tí síìpù rẹ̀ ti kú wá, tí ọmọge tó fẹ́ ṣègbéyàwó ń sunkún wọlé nítorí gáùn tó bá a mu lóṣù tó kọjá ti kọ̀, kò pàdé lẹ́yìn mọ́. Abẹ́rẹ́ olórí kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Ó fi ètè há wọn mọ́ra, ó ń sọ̀rọ̀ lọ, ó ń rẹ́rìn-ín lọ, ọ̀kan ò jábọ́ rí. Ibẹ̀ lorúkọ yẹn ti wá. Ẹ má bi mí ní èyí tí wọ́n sọ ọ́ gan-an, torí ó jọ pé òun fúnra rẹ̀ ti gbàgbé.

Ọkọ rẹ̀, wẹ́dà ni. Èbúté ló ti ń ṣiṣẹ́, ó ń jó irin ara ọkọ̀ ojú omi, iṣẹ́ náà sì mọ́ ọn lọ́wọ́ dáadáa. Lọ́jọ́ kan ni àkàbà yẹ̀ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, ó já sínú ikùn ọkọ̀. Ọlọ́run yọ ọ́, kò kú. Ṣùgbọ́n ìbàdí rẹ̀ fọ́, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ò sì ká mọ́ láti ọjọ́ yẹn. Bí ilẹ̀ bá tẹ́jú, ó ní ọ̀pá méjì tó fi ń ti abẹ́ apá, á sì rìn débi tó bá wù ú. Àtẹ̀gùn ni ọ̀tá rẹ̀. Ẹ wáá wo iṣẹ́ ayé: yàrá tí wọ́n gbà, òkè pátápátá ló wà, lábẹ́ òrùlé. Kò sí lífìtì, àtẹ̀gùn rẹ̀ rí tóóró, ó sì ń lọ́ bí ìfun.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó jẹ́ dírẹ́bà bọ́ọ̀sì ló pọ̀n ọ́n gòkè lọ́jọ́ tó ti ọsibítù dé. Lẹ́yìn ìyẹn, ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láti sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó yí gbirigbiri. Gbogbo ará ilé jáde, ọ̀kan ró táwẹ́ẹ̀lì, ọ̀kan fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín há ẹnu, wọ́n dúró, wọ́n ń wò ó nílẹ̀. Ó ní ó tán. Ó ní òun ò ní sọ ara òun di ìran àpéwò mọ́ láyé, ọjọ́ tí òun bá tún gba àtẹ̀gùn yẹn kọjá, kó jẹ́ pé wọ́n ń gbé òun lọ sin ni.

Bó ṣe di ará ojú fèrèsé nìyẹn. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń gun òkè wá bá a ta dráfù, wọ́n sì sọ ọ́ ní Kábíyèsí, wọ́n ní ọba kì í rìn ní gbangba, ẹni tó bá fẹ́ rí ọba, kó lọ sáàfin. Òun ló ń rẹ́rìn-ín jù nínú gbogbo wọn. Láti òkè ibẹ̀, àtàrí èèyàn nìkan ló ń rí, ó sì mọ ẹni tí orí rẹ̀ ti ń pá ládùúgbò ju ìyàwó onítọ̀hún lọ. Bí Àǹtí Abẹ́rẹ́ bá ti dé, á máa ròyìn fún un: ẹni tó ra àga tuntun, ẹni tí ajá rẹ̀ já, àwọn méjì tó ń ṣe bí ẹni tí kò mọra wọn láàárọ̀, tí wọ́n tún ń pàdé lẹ́yìn ilé ìfọṣọ nírọ̀lẹ́. Ẹ̀rín á gba ilé kan. Àmọ́ gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Ìyàwó rẹ̀ mọ̀. Ó ti dúró sí kọ̀rọ̀ ilé ìdáná rí nígbà tí àwọn ọ̀rẹ́ ń lọ, ó sì rí bí ojú ọkọ rẹ̀ ṣe yí padà kí ìró bàtà wọn tó dé ìsàlẹ̀.

Lọ́jọ́ kan òjò rọ̀, ó dá. Àǹtí Abẹ́rẹ́ dé láti ṣọ́ọ̀bù, ọkọ rẹ̀ sì bi í léèrè ohun kan tí kò sí àwàdà nínú rẹ̀. Ó ní, "Ṣé ilẹ̀ ṣì tutù?" Ìyẹn nìkan ló bi í. Obìnrin náà dá a lóhùn pé ó tutù díẹ̀, ó wọ ilé ìwẹ̀ lọ, ó fi táwẹ́ẹ̀lì bo ẹnu, ó sunkún. Ẹni tó ti ń fẹsẹ̀ ara rẹ̀ tẹ ilẹ̀ láti ìgbà tó ti ń ta gẹ̀ẹ́gẹ̀ẹ́, òun ló wá ń béèrè ilẹ̀ bí ẹni ń béèrè èrò ọ̀nà jíjìn. Ibẹ̀ ni obìnrin náà ti pinnu. Ilé tó wà nílẹ̀ làwọn máa rà, kó kéré bí ihò eku, kí ọkọ òun ṣáà ti lè máa jáde. Owó tí ilé iṣẹ́ ọkọ̀ san fún wọn lẹ́yìn ọ̀pọ̀ wá-lónìí-wá-lọ́la wà ní báǹkì, èrè abẹ́rẹ́ náà sì wà díẹ̀. Kò sọ fún ọkọ rẹ̀ o. Kò fẹ́ kó máa retí ohun tó lè má bọ́ sí i.

Wíwá ilé ní ìlú onílùú, ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín ni. Bó bá pe onílé lórí fóònù, tí wọ́n bá ti gbọ́ bí ahọ́n rẹ̀ ṣe ń yí, wọ́n á ní ilé ti lọ. Bí ará ìlú bá pe nọ́ńbà yẹn kan náà lẹ́yìn rẹ̀, ilé á ti padà dé. Èyí tí wọ́n bá sì gbà kó wá wò, wọ́n á ní ilé ilẹ̀ ni, bó bá débẹ̀ á bá àtẹ̀gùn lẹ́nu ọ̀nà. Alágbàtà tó ń mú un kiri, ọ̀dọ́mọkùnrin kan báyìí tó ń wọ bàtà ẹlẹ́nu ṣóńṣó, kò rí ohun tó burú nínú ìyẹn. Ó ní àtẹ̀gùn díẹ̀ ló ń mú ilé níyì. Àǹtí Abẹ́rẹ́ kàn wò ó ni. Kò sọ ti ọkọ rẹ̀ fún òun náà. Ṣé ẹni tí ebi ń pa á máa fi ikùn han ọlọ́jà ni?

Ìgbà tí gbogbo rẹ̀ ti ń sú àwọn méjèèjì ni alágbàtà mú un dé òpópónà kékeré kan tó lọ tààrà sí òkun. Ilé kan wà láàárín níbẹ̀, ó fún mọ́ra láàárín àwọn ilé gogoro, ilẹ̀kùn rẹ̀ láwọ̀ búlúù tó ti ń bó. Ilẹ̀kùn yẹn ni kí ẹ fọkàn sí. Kò sí àtẹ̀gùn níwájú rẹ̀. Kò sí òkúta ìdìgbòlù, kò sí ohunkóhun. Bí wọ́n bá ti ṣí i, ilẹ̀ inú ilé àti ilẹ̀ títì dọ́gba. Ó tún lọ bẹ́ẹ̀ tààrà la pálọ̀ já, ó gba ilé ìdáná kọjá, ó bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé kékeré kan tí àga onípákó wà, tí afẹ́fẹ́ òkun ń fẹ́ sí. Àǹtí Abẹ́rẹ́ dúró sójú kan. Ó rí ọkọ rẹ̀ níbẹ̀ kedere. Ó rí i tó ń jáde. Omijé fẹ́ lé ròrò sí i lójú, ló bá rántí ẹ̀kọ́ ilé, ó sì fa ojú ro kíá.

Ìyá arúgbó tó ni ilé náà kéré jọjọ, ó wọ súwẹ́tà tí bọ́tìnnì rẹ̀ ṣì ihò. Opó ni. Ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin ló fẹ́ kó lọ, nítorí ojú rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́. Ó ní kí wọ́n jókòó, ó gbé tíì wá, ó sì ń fi ọwọ́ pa ògiri bó ṣe ń fi ilé hàn wọ́n. Ó ní òun àti ọkọ òun ni wọ́n jọ fi ọwọ́ ara wọn rẹ́ ẹ, nígbà tí àwọn ò tíì ní ohun tí àwọn lè fi san fún kọ́lékọ́lé. Àǹtí Abẹ́rẹ́ gbọ́. Ó gbọ́, àmọ́ ó rò ó sí ẹnu ọlọ́jà. Ọlọ́jà wo ni kì í yin ọjà rẹ̀?

Ló bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó fi ìka kan ògiri, ó wò ó, ó nù ún mọ́ síkẹ́ẹ̀tì. Ó ní ògiri yìí mà ti mu omi yó. Ó ní ilé ìdáná yìí, bí ẹni méjì bá wọ ibẹ̀, ọ̀kan ní láti há èémí mọ́ra. Ó ní táìsì ilẹ̀ yìí, ṣé ti ayé Nóà ni? Ó tún ní ariwo ẹyẹ òkun ò ní jẹ́ kí èèyàn sùn. Alágbàtà ń wúkọ́, ó ń wúkọ́, kò gbọ́. Ọwọ́ ìyá arúgbó ṣì wà lára ògiri. Nígbà tí Àǹtí Abẹ́rẹ́ ti bú ilé náà dé orí òrùlé, ó dá iye tí kò tó ìdajì, ó gbé báàgì rẹ̀ kọ́ apá, ó sì jáde.

Ẹ ò bá rí ìrìn tó rìn. Ó rìn bí ìyàwó tuntun. Ó ń ka ilẹ̀, ó ń tẹ́tí, ó ń retí kí wọ́n pè é. Wọn ò pè é. Ó dé ojú ilé kejì, ó rọra yí ọrùn bí ẹni tó ń wo ojú ọ̀run. Wọn ò pè é. Ó dé kọ́nà, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹni tó ń so okùn bàtà, bàtà náà ò sì lókùn. Ìgbà tó gbọ́ ẹsẹ̀ lẹ́yìn, inú rẹ̀ dùn, ó tún fa ojú ro. Alágbàtà ni. Kò wá pè é padà o. Ó wá sọ fún un pé màmá ti ti ilẹ̀kùn. Ó ní màmá sọ pé ẹni tí ilé òun kò bá wù, kó má wulẹ̀ da ara rẹ̀ láàmú.

Àǹtí Abẹ́rẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó ní kó lọ fọkàn balẹ̀, màmá á pè. Ó ní òun mọ̀ wọ́n.

Lálẹ́ ọjọ́ náà ó fi ṣe àwàdà fún ọkọ rẹ̀. Ó rò pé ó ti tó kó mọ̀ báyìí, nígbà tó kù díẹ̀ kí ọjà bọ́ sí i. Ó sín ìyá arúgbó jẹ, ó sín alágbàtà àti ikọ́ rẹ̀ jẹ, ó rin ìrìn tó rìn ní títì fún un láàárín yàrá. Ọkọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìbàdí mú. Nígbà tó yá, ó nu omi ẹ̀rín lójú. Ó ní, "Ilẹ̀kùn ẹ̀ ńkọ́, ṣé ojú títì ló ṣí sí?"

"Ojú títì ni. Ilẹ̀ méjèèjì dọ́gba."

Ọkọ rẹ̀ yí ojú sí fèrèsé, ó sì ń wo ìsàlẹ̀. Ìgbà yẹn ni ẹ̀rù kọ́kọ́ ba Àǹtí Abẹ́rẹ́.

Ọjọ́ ń gorí ọjọ́, màmá ò pè. Àǹtí Abẹ́rẹ́ ń gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ maṣíìnì ìránṣọ, ó ń wò ó, ó ń gé ṣòkòtò ẹni ẹlẹ́ni ju bó ṣe yẹ lọ. Alágbàtà ló pè níkẹyìn. Ó ní tọkọtaya kan ti wá wo ilé náà, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń yìn, títí kan táìsì. Wọ́n á padà wá lọ́jọ́ Sátidé láti bá màmá parí ọ̀rọ̀. Ó ní òun kàn ní kí òun sọ fún un ni, ilé mìíràn á wà. Àwọn àgbà ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ló ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Lọ́jọ́ yẹn, ẹni tí abẹ́rẹ́ kì í jábọ́ lẹ́nu rẹ̀ fi abẹ́rẹ́ gún ìka ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó ti ṣọ́ọ̀bù, ó gba ilé màmá lọ.

Kò mú alágbàtà dání. Bí ìyá arúgbó ṣe ṣí ilẹ̀kùn, Àǹtí Abẹ́rẹ́ kúnlẹ̀ gbìì sójú títì, orúnkún méjèèjì. Yéè! Ìyá àgbà rò pé òòyì ló kọ́ ọ. Ó sáré wọlé lọ bu omi, ó ń bi í bóyá kí òun pe dókítà. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ọ̀rọ̀ tó yé wọn, torí èdè ìlú náà máa ń sá mọ́ Àǹtí Abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ bí inú rẹ̀ ò bá balẹ̀. Ó ṣàlàyé pé ẹ̀bẹ̀ ni. Ó ní bí àwọn ṣe ń bẹ àgbà nílé nìyẹn. Ó ní gbogbo ohun tí òun sọ sí ilé náà, ẹnu ọjà ni. Níbi tí òun ti wá, ohun tó bá wu èèyàn jù ni wọ́n máa ń bú jù, ọlọ́jà náà sì mọ̀, wọ́n á jọ bú u, wọ́n á jọ rẹ́rìn-ín, wọ́n á pàdé láàárín. Ó ní òun ò mọ̀ pé èèyàn ni òun ń bú.

Lẹ́yìn náà ló wá sọ èyí tí kò sọ fún ọmọ ìlú náà kankan. Ó sọ ti ọkọ̀, ó sọ ti àkàbà, ó sọ ti yàrá òkè. Ó ní, "Màmá, bí mo ṣe rí ilẹ̀kùn yín báyìí ni mo ti fẹ́ràn rẹ̀. Ẹkún ni mo fẹ́ sun. Ẹ̀bú ni mo fi bò ó mọ́lẹ̀."

Ìyá arúgbó jókòó. Ẹ má rò pé ó rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà o, àgbà tó ti sin ọkọ kì í ṣe ẹni à ń fi omijé gbá lọ. Ó ní, "Ẹnu kan náà lo fi bú ilé mi, òun náà lo tún wá fi ń yìn ín. Èwo ni kí n gbà nínú méjèèjì? Mú ọkọ ẹ wá. Ẹsẹ̀ tiẹ̀ ni màá gbà gbọ́." Ó ní àmọ́ kó jẹ́ kó tó di Sátidé, torí òun ò ní dá àwọn tó ti sọ̀rọ̀ dáadáa dúró nítorí ẹni tó sọ̀rọ̀ burúkú. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ tọ́. Èmi náà ò lè bá a jà sí i.

Ẹ ti mọ ibi tí ìṣòro wà. Nígbà tí Àǹtí Abẹ́rẹ́ délé tó sọ fún ọkọ rẹ̀, ọkùnrin náà mi orí. Ó ní rárá. Ó fi ẹ̀rín bò ó, ó ní ṣé ọba ń sọ̀ kalẹ̀ lọ bẹ opó ni. Ìyàwó rẹ̀ ò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí wọ́n pe dírẹ́bà kó wá pọ̀n ọ́n. Ọkọ rẹ̀ ní kò sí ẹni tó máa pọ̀n òun mọ́, òun kì í ṣe ọmọ ọwọ́. Ó ní kó lọ ya fọ́tò ilé náà wá. Ó ní kó sọ fún màmá pé ara òun ò yá. Ó wá àwáwí títí, àwáwí tán.

Àǹtí Abẹ́rẹ́ jókòó sórí ibùsùn, ó bọ́ bàtà. Láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra wọn, kò gbé ohùn sókè sí ọkọ rẹ̀ rí, kò sì gbé e sókè lọ́jọ́ náà. Ó ní, "Ó ti rẹ̀ mí. Ẹ̀ ń pa mí lẹ́rìn-ín lójoojúmọ́, mo mọ̀ pé nítorí tèmi ni. Èmi náà ń rẹ́rìn-ín, nítorí tiyín ni. Bí mo bá ń bọ̀ nílé, tí mo gbójú sókè, tí mo rí yín lójú fèrèsé yẹn, ó máa ń ṣe mí bíi kí n má wọlé mọ́. Mo ti lọ kúnlẹ̀ lójú títì fún ẹni tí kò mọ ohun tí ìkúnlẹ̀ jẹ́. Ibi tí agbára mi mọ nìyẹn. Ẹsẹ̀ yín ló kù, mi ò sì lè bá yín gbé e."

Wọ́n jẹun. Wọ́n sùn, wọ́n kọ ẹ̀yìn síra.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ibi tí Àǹtí Abẹ́rẹ́ ti ń wá kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù ló ti rí i pé ọkọ òun ti wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó mọ́ jù nínú aṣọ rẹ̀, ó sì ti fá irùngbọ̀n. Ó ní, "Gbé ọ̀pá mi dání." Ó gba ẹnu ọ̀nà jáde, ó jókòó bẹ̀ǹbẹ̀ sórí àtẹ̀gùn àkọ́kọ́, ó na ẹsẹ̀ líle yẹn síwájú, ó fi ọwọ́ méjèèjì ti ara rẹ̀, ó sì fi ìdí wọ́ bọ́ sí ìkejì. Bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe bọ̀. Òógùn bò ó. Ìyàwó rẹ̀ ń sọ̀ tẹ̀ lé e, ọ̀pá lábẹ́ apá, kò sọ pé kó rọra, kò sọ pé pẹ̀lẹ́. Ní àjà tó wà láàárín, ilẹ̀kùn kan ṣí. Ẹni tó fẹ́ jáde rí i, ó rọra padà sẹ́yìn, ó ti ilẹ̀kùn láìpariwo, ó dúró títí wọ́n fi kọjá. Ọlọ́run ló máa bá mi kí onítọ̀hún. Nígbà tí ìdí ṣòkòtò wẹ́dà kan ilẹ̀ ìsàlẹ̀, ó ti ya, ọkùnrin náà sì jókòó síbẹ̀, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Lẹ́yìn náà ó gba ọ̀pá rẹ̀, ó dìde. Wọ́n wọ bọ́ọ̀sì lọ.

Àǹtí Abẹ́rẹ́ ti pe alágbàtà lójú ọ̀nà, ó sì ti dúró dè wọ́n níwájú ilẹ̀kùn búlúù. Ó rí ọkùnrin tó ń bọ̀ lórí ọ̀pá méjì, ó wo bàtà ara rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé gbogbo àtẹ̀gùn tó ti ń mú ilé níyì ló ń rántí. Màmá ṣí ilẹ̀kùn, ó ní kí wọ́n wọlé.

Wẹ́dà kí i dáadáa, ó tẹrí ba, ó wọlé. Kò wo ògiri. Kò wo táìsì ayé Nóà. Ó rìn la pálọ̀ já, ó gba ilé ìdáná, ó bọ́ sẹ́yìnkùlé, ó yí padà. Ó tún rìn padà títí dé ẹnu ọ̀nà, ó sì jáde sí títì, òun nìkan. Ó fa ilẹ̀kùn pa dé lẹ́yìn ara rẹ̀. Gbogbo wọn dúró nínú ilé, wọ́n ń wo ilẹ̀kùn. Ó ṣí i, ó wọlé. Ó tún jáde. Ó tún pa á dé. Alágbàtà rò pé ó ń wá ohun tó bàjẹ́ lára ìdè ilẹ̀kùn ni, ó fẹ́ ṣàlàyé, màmá fi ọwọ́ dá a dúró. Lẹ́ẹ̀kẹta tó jáde, kò tètè wọlé. Wọ́n gbọ́ ìró ọ̀pá rẹ̀ tó ń lọ lójú títì, kò yára, tó ń lọ, tó sì tún ń bọ̀. Ẹkún ti gba gbogbo ojú Àǹtí Abẹ́rẹ́, kò sì fi nǹkan kan bò ó.

Nígbà tí ọkọ rẹ̀ wọlé padà, màmá ní ó tó. Ó ní àwọn ló máa ni ilé náà, iye tí òun kọ́kọ́ pè ni wọ́n máa san, òun ò ní yọ kọ́bọ̀ níbẹ̀. Ẹnu Àǹtí Abẹ́rẹ́ là fúnra rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n má purọ́ fún yín, ìṣe ò ṣeé fi sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ọkọ rẹ̀ kàn wò ó lẹ́ẹ̀kan. Obìnrin náà pa ẹnu dé. Ọjọ́ yẹn ni ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀ tó san iye tí ọlọ́jà pè, ó sì ní kò dun òun.

Wọ́n kó wọlé nígbà tí oòrùn ti ń mú díẹ̀díẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ bá wọn gbé ẹrù, wọ́n gbé e sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ariwo, wọ́n jẹun lẹ́yìnkùlé, wọ́n sì lọ. Ògiri náà mu omi lóòótọ́, ilé ìdáná sì há, àwọn ẹyẹ òkun yẹn náà ò jẹ́ kí èèyàn sùn. Gbogbo ohun tó sọ ló rí bẹ́ẹ̀. Ó ń tún un ṣe díẹ̀díẹ̀, kò sì bú u mọ́.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí iṣẹ́ ò pọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, ó tètè wá sílé. Ó ṣí ilẹ̀kùn, ó kí ọkọ rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà bó ṣe máa ń kí i. Kò gbọ́ ohùn. Ó wo yàrá, kò sí níbẹ̀. Ó wo ẹ̀yìnkùlé, àga nìkan ló bá. Ó ti fẹ́ figbe ta kó tó rí i pé ọ̀pá méjèèjì ò sí níbi tí wọ́n máa ń fi tì, àti fìlà rẹ̀ náà ò sí lórí ìṣó. Ó wá dúró láàárín pálọ̀, báàgì ṣì kọ́ ọ lápá. Láti ọjọ́ tí ọkùnrin náà ti ti ọsibítù dé, kò tíì bọ́ sí ilé tí ọkọ rẹ̀ ò sí nínú rẹ̀ rí.

Wọ́n kan ilẹ̀kùn. Alágbàtà ni, ó mú kọ́kọ́rọ́ ẹ̀yìnkùlé kan tí màmá gbàgbé sí ọwọ́ rẹ̀ wá. Ó kí i, ó sì béèrè ọkọ rẹ̀, ó ní òun fẹ́ kí i kí òun tó máa lọ.

"Kò sí nílé," ni Àǹtí Abẹ́rẹ́ wí.

"Ibo ló lọ?"

"Mi ò mọ̀. Kò sọ fún mi." Ó ń rẹ́rìn-ín. "Ó jáde ni. Ọkọ mi jáde."

Ọmọkùnrin náà kò mọ ohun tó ń pa á lẹ́rìn-ín, ó ní òun á padà wá. Àǹtí Abẹ́rẹ́ gba kọ́kọ́rọ́, ó dúpẹ́. Ó gbé àga wá sẹ́nu ọ̀nà, ó jókòó, ó sì ń dúró de ọkọ rẹ̀ kó dé.